Thomas Jefferson àti Ọgbà Ibojì Orí Òkè Monticello

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lélẹ̀, orúkọ Thomas Jefferson kì í gbẹ́yìn. Òun ni ó kọ Ìkéde Òmìnira ti ọdún 1776, òun sì ni Ààrẹ kẹta tí orílẹ̀-èdè náà ní. Àwọn òpìtàn ti kọ ìwé jaburata lórí ipa tí ó kó nínú òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ibojì rẹ̀ kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ibojì náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ ayé ọkùnrin yìí dání jù lọ: ohun tí ó fẹ́ kí aráyé fi rántí òun, ohun tí ó gbójú fò, àti àríyànjiyàn lórí ẹni tí í ṣe ọmọ rẹ̀ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1743 ni wọ́n bí Jefferson ní Shadwell, ní Virginia, nígbà tí Virginia ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ni wọ́n kọ sára òkúta ibojì rẹ̀, kì í sì í ṣe àṣìkọ. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà tí wọ́n bí i, ọdún 1752 ni wọ́n tó yí i padà. Peter Jefferson, bàbá rẹ̀, jẹ́ awọnlẹ̀ àti olóko ńlá. Ó kú ní ọdún 1757, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó sì fi ilẹ̀ àti ẹrú sílẹ̀ fún un. Ní ọdún 1760 ni Jefferson wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga William and Mary ní ìlú Williamsburg. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́dọ̀ George Wythe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ọdún 1767.

Òkè kékeré kan wà lórí ilẹ̀ tí ó jogún yìí. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Dabney Carr a máa gun òkè náà láti lọ kàwé lábẹ́ igi óákù ńlá kan. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti dá májẹ̀mú pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kú nínú àwọn, kí èkejì sin ín sí abẹ́ igi náà. Ọ̀rọ̀ àwàdà ọmọdé ni irú èyí sábà máa ń jẹ́. Carr fẹ́ Martha, àbúrò Jefferson, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́fà. Ní ọdún 1773, ibà gbé e lọ láìtíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Jefferson kò sí nílé nígbà náà. Shadwell ni wọ́n sin òkú náà sí. Nígbà tí ó dé, ó ní kí wọ́n hú òkú ọ̀rẹ́ òun, kí wọ́n sì gbé e wá sí abẹ́ igi tí wọ́n jọ fi ẹnu sí. Òkú yìí ni ó sọ ibẹ̀ di ọgbà ibojì. Jefferson sì gba opó náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni wọ́n.

Kí Carr tó kú ni Jefferson ti ń kọ́lé sí orí òkè náà, tí ó sọ ní Monticello, èyí tí ó túmọ̀ sí òkè kékeré ní èdè Ítálì. Ní ọdún 1768 ni àwọn ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí òkè náà kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Iná jó ilé Shadwell ní oṣù kejì ọdún 1770, ó sì jó púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀, èyí tí ó mú kí ó kó lọ sí orí òkè kí ilé tó parí. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1772 ni ó gbé Martha Wayles Skelton níyàwó, opó kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀. John Wayles, bàbá ìyàwó, kú ní ọdún 1773. Ilẹ̀ púpọ̀ àti ẹrú tí ó tó 135 ni ó bọ́ sí ọwọ́ Jefferson láti inú ogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n àti ogún àti gbèsè ni wọ́n jọ wọlé, gbèsè náà kò sì fi Jefferson sílẹ̀ títí ó fi wọ ibojì.

Láàrin àwọn ẹrú tí ó jogún ni Elizabeth Hemings àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ni Sally, tí wọ́n bí ní ọdún 1773. Ìròyìn tí ó rìn jìnnà nígbà náà, tí ìdílé Hemings sì ń sọ fún ọmọ wọn láti ìran dé ìran, ni pé John Wayles gan-an ni bàbá Sally. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọbàkan ni Sally àti ìyàwó Jefferson. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1662 ni òfin Virginia ti sọ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ bàbá kan náà ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan jẹ́ ìyálé ilé, èkejì jẹ́ ẹrú inú ilé.

Ọmọ ọdún 33 ni Jefferson nígbà tí àwọn aṣojú àwọn ìpínlẹ̀ 13 tí wọ́n péjọ sí Philadelphia gbé kíkọ Ìkéde Òmìnira lé e lọ́wọ́. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ kókó ìwé náà, wọn yóò ní ìbí kò ju ìbí, bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ. Jefferson tilẹ̀ kọ abala kan tí ó fi bú ọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí òwò ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn aṣojú yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé náà. Òǹkọ̀wé kan náà ni ó ní ẹrú tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 607 ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí òpìtàn kan lè dá láti pa òtítọ́ méjèèjì yìí mọ́ra tí wọn kò ní fi ara gbún ara. Kí a sọ méjèèjì ni ó tọ́.

Ní ọdún 1777 ni ó kọ àbá òfin tí yóò fún oníkálukú ní òmìnira láti sin Ọlọ́run bí ó ti wù ú, tí ìjọba kò sì ní fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi bọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni àbá náà fi wà nílẹ̀ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Virginia tó sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1786. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà kò gbẹ́yìn lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1779, ọdún tí ó di gómìnà Virginia, ni wọ́n gbé àbá rẹ̀ wá sí iwájú ìgbìmọ̀ pé kí gbogbo ọmọ tí a bí sí òmìnira, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kàwé fún ọdún mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀, kí wọ́n sì ṣa àwọn ọmọ tálákà tí orí wọn pé kí ìjọba máa náwó lé wọn títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn olówó ìlú kò fẹ́ san owó orí tí yóò gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ ró, àbá náà kò sì kẹ́sẹ járí bí ó ti fẹ́. Àwọn olùkọ́ yóò kíyè sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: ọmọ tí a bí sí òmìnira. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹrú kí ilé ìwé tó ṣí.

Martha, aya rẹ̀, kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1782, láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó bí ọmọ wọn kẹfà. Wọ́n sin ín sí ọgbà ibojì orí òkè náà. Nínú ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, méjì péré, Martha àti Maria, ni wọ́n dàgbà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó ṣèlérí fún aya rẹ̀ lórí àìsàn pé òun kò ní fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bóyá ó ṣe ìlérí náà tàbí kò ṣe é, kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Ní ọdún 1784 ni ó kọjá sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí ó ti di aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà. James Hemings, ẹ̀gbọ́n Sally, bá a lọ láti kọ́ oúnjẹ Faransé sísè. Ní ọdún 1787 ni Sally fúnra rẹ̀ dé Paris pẹ̀lú Maria tí bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ọmọ ọdún 14 ni Sally nígbà náà. Lábẹ́ òfin Faransé, ẹrú tí ó bá dé ibẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ fún òmìnira ní ilé ẹjọ́. Madison, ọmọ Sally, ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn kan ní Ohio ní ọdún 1873 pé oyún wà lára ìyá òun nígbà tí Jefferson fẹ́ padà sílé ní ọdún 1789, pé ìyá òun kọ̀ láti bá a padà, àti pé ìgbà tí Jefferson búra pé àwọn ọmọ tí ó bá bí yóò di òmìnira nígbà tí wọ́n bá pé ọmọ ọdún 21 ni ó tó gbà láti wá. Ọmọ ọdún 16 ni ẹni tí ó ń bá olówó rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rí Madison yìí pẹ́ nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń wò ó bí àhesọ lásán, nígbà tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ funfun Jefferson gbọ́ láìwádìí.

Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà, ipò ni ó ń gùn lórí ipò. Ó ṣe akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ George Washington láti ọdún 1790 di 1793, ó di igbákejì Ààrẹ ní ọdún 1797, ó sì di Ààrẹ láti ọdún 1801 di 1809. Ní ọdún 1803 ni ìjọba rẹ̀ ra ilẹ̀ Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ìyẹn sì mú kí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní ọdún 1807 ni ó fọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1808. Òfin náà kò fọwọ́ kan òwò ẹrú tí wọ́n ń ṣe láàrin ara wọn nílé. Ní ọdún 1802, nígbà tí ó wà lórí àlééfà, ni akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ James Callender gbé ọ̀rọ̀ òun àti Sally jáde sínú ìwé ìròyìn. Jefferson kò fèsì ní gbangba.

Iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni Yunifásítì Virginia ní Charlottesville, ní ìsàlẹ̀ òkè rẹ̀. Òun ni ó ya àwòrán ilé ibẹ̀, tí ó to ètò ẹ̀kọ́, tí ó sì wá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti òkèèrè. Ìjọba fi òǹtẹ̀ lu ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1819, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wọlé ní oṣù kẹta ọdún 1825. Àárín ọgbà náà ni ó kọ́ ilé ìkàwé sí, níbi tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń gbé ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí. Ẹrú wà lára àwọn tí wọ́n gbé bíríkì ibẹ̀ kalẹ̀.

Gbogbo ìgbà yìí ni gbèsè ń wú. Ó fẹ́ràn ìwé, ọtí wáìnì àti ilé kíkọ́, kì í sì í lè lé àlejò. Ní ọdún 1815 ni ó ta ìwé rẹ̀ tí ó lé ní 6,000 fún ìjọba àpapọ̀ ní 23,950 dọ́là láti fi rọ́pò àwọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ní Washington; láìpẹ́ ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra òmíràn. Ó dúró fún ọ̀rẹ́ kan, Wilson Cary Nicholas, lórí 20,000 dọ́là, ọ̀rẹ́ náà sì jẹ gbèsè ọ̀hún sí i lọ́rùn. Ní ọdún 1826, ìpínlẹ̀ gbà á láyè láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lọ́tìrì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò lójú. Nígbà tí yóò fi kú, gbèsè ọrùn rẹ̀ ti lé ní 100,000 dọ́là.

Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1826 ni Jefferson kú ní ọmọ ọdún 83, ọjọ́ tí Ìkéde Òmìnira pé àádọ́ta ọdún géérégé. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú, ni John Adams tí ó jẹ Ààrẹ ṣáájú rẹ̀ kú ní ilé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín láìsí ayẹyẹ ńlá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Martha, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣẹ́kù láti sin ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kan pósí tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ni John Hemmings, gbẹ́nàgbẹ́nà ilé náà, iyèkan Sally. Ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ ni Wormley Hughes, olùtọ́jú ọgbà òdòdó, ọmọ ẹ̀gbọ́n Sally. Ẹrú ni àwọn méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí.

Jefferson kò fi ọ̀rọ̀ òkúta ibojì rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n rí ìwé kan tí ó ti ya àwòrán rẹ̀ sí: ìpìlẹ̀ onígun mẹ́rin, kí òpó òkúta kan tí orí rẹ̀ ṣóńṣó dúró lé e. Ó tọ́ka sí nǹkan mẹ́ta tí ó fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: pé òun ni ó kọ Ìkéde Òmìnira, pé òun ni ó kọ òfin òmìnira ẹ̀sìn ti Virginia, àti pé òun ni bàbá Yunifásítì Virginia. Kò mẹ́nu ba ipò gómìnà, kò mẹ́nu ba ipò Ààrẹ. Ohun tí ó fún àwọn ènìyàn ni ó fẹ́ kí wọ́n kọ, kì í ṣe ipò tí àwọn ènìyàn fún un. Ó tún ní kí wọ́n lo òkúta tí kò dán, kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́ nítorí owó tí ó lè tà.

Ìwé ìhágún rẹ̀ fún ẹrú márùn-ún péré ní òmìnira: Burwell Colbert, John Hemmings, Joe Fossett, àti Madison àti Eston Hemings, àwọn ọmọ Sally. Ìdílé Hemings ni gbogbo wọn. Beverly àti Harriet, àwọn ẹ̀gbọ́n Madison, ti kúrò nílé ní ọdún 1822, ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn. Orúkọ Sally kò sí nínú ìwé náà. Martha ni ó fi í sílẹ̀ kí ó máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ní Charlottesville. Orúkọ Wormley Hughes, agbẹ́lẹ̀, náà kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà tú òun náà sílẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1827 ni wọ́n lu gbàǹjo ní Monticello. Ohun tí wọ́n polówó ni ẹrú 130, màlúù, ẹṣin àti ohun èlò ilé. Wọ́n ta ìyàwó Wormley Hughes àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ta Edith, ìyàwó Joe Fossett, obìnrin tí ó ti se oúnjẹ fún àwọn àlejò Ààrẹ ní Washington, wọ́n sì ta àwọn ọmọ rẹ̀ fún oríṣiríṣi olówó. Alágbẹ̀dẹ ni Joe Fossett. Oṣù keje ọdún náà ni òmìnira tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹrú ni òun alára nígbà tí wọ́n ń ta ìdílé rẹ̀ lójú rẹ̀. Peter, ọmọ wọn, jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó ti mọ díẹ̀ nínú ìwé kíkà kí wọ́n tó tà á; olówó tuntun tí ó rà á lérí pé òun yóò nà án bí òun bá tún rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Peter kò jáwọ́. Ó ń kà á ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ẹrú mìíràn. Ó sá lọ, wọ́n mú un padà, wọ́n tún gbé e sórí gbàǹjo ní ọdún 1850, kí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó dáwó jọ láti ra òmìnira rẹ̀. Ó di oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú Cincinnati. Ní ọdún 1900, ní arúgbó, ó padà wá wo Monticello, wọ́n sì gbà á lálejò nínú ilé tí wọ́n ti bí i ní ẹrú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fún mẹ̀kúnnù ni a ń sọ, orúkọ Peter Fossett yẹ kí ó máa tẹ̀lé ti Jefferson.

Ilé náà kò dúró sọ́wọ́ ìdílé. Wọ́n tà á ní ọdún 1831. Ní ọdún 1834 ni Uriah Levy, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi tí ó jẹ́ Júù, rà á, nítorí ó bọlá fún Jefferson lórí òfin òmìnira ẹ̀sìn. Ọwọ́ ìran Levy ni ilé náà wà títí di ọdún 1923. Ọgbà ibojì nìkan ni àwọn ọmọ Jefferson kò tà.

Ọdún 1833 ni wọ́n tó gbé òkúta ibojì náà nàró. Kò pẹ́ tí àwọn olùbẹ̀wò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a díẹ̀díẹ̀ láti mú èérún rẹ̀ lọ sílé fún ìrántí. Òkúta tí kò dán tí ó ní kí wọ́n lò kò gbà á. Ìfẹ́ ni ó bà á jẹ́, kì í ṣe olè. Ní ọdún 1882 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ya 10,000 dọ́là sọ́tọ̀, wọ́n sì gbé òmíràn tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ dúró ní ọdún 1883 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà. Yunifásítì Missouri, tí ó wà lórí ilẹ̀ Louisiana tí Jefferson rà, bẹ̀bẹ̀ fún òkúta àtijọ́ náà, ó sì ti wà ní ọgbà wọn ní ìlú Columbia láti ọdún 1885.

Ní ọdún 1913 ni àwọn àtọmọdọ́mọ Jefferson láti ọ̀dọ̀ Martha àti Maria dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Monticello Association, láti máa tọ́jú ọgbà ibojì náà. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni ó ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n sin òun síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìran Sally ṣe di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1997 ni Annette Gordon-Reed, onímọ̀ òfin àti òpìtàn aláwọ̀ dúdú, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ojúsàájú ni wọ́n fi sọ ẹ̀rí Madison nù. Ní ọdún 1998 ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA. Jefferson kò ní ọmọkùnrin tí ó dàgbà láti ọ̀dọ̀ aya rẹ̀, nítorí náà àtọmọdọ́mọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi wé ti Eston Hemings. Àmì tí bàbá máa ń fi fún ọmọkùnrin láti ìran dé ìran bá ara mu. Àyẹ̀wò náà nìkan kò lè ya Thomas sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọkùnrin ìdílé rẹ̀ yòókù. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ fi hàn pé Jefferson wà ní Monticello ní àsìkò tí Sally lóyún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bímọ nígbà tí Jefferson kò sí nílé. Ní ọdún 2000, àjọ tí ó ni ilé Monticello gbà pé ó ṣeé ṣe gan-an kí Jefferson jẹ́ bàbá àwọn ọmọ Sally mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Àwọn àtọmọdọ́mọ Hemings béèrè pé kí ẹgbẹ́ náà gba àwọn wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, ẹgbẹ́ dìbò. 74 kọ̀, 6 gbà. Ohun tí àwọn tí wọ́n kọ̀ ń sọ ni pé ẹ̀rí kò tíì tó. Ó ṣòro láti gba àlàyé yìí wọlé pátápátá, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ní kí ó mú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Martha tàbí Maria. Dabney Carr tí kì í ṣe ọmọ, tí í ṣe ọ̀rẹ́ àti ọkọ àbúrò, ni ó kọ́kọ́ sùn nínú ọgbà náà.

Sally Hemings kú ní ọdún 1835. Kò sí òkúta lórí ibojì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibi tí ó wà. Madison àti Eston kó lọ sí Ohio lẹ́yìn ikú rẹ̀. Madison wà ní aláwọ̀ dúdú títí ó fi kú ní ọdún 1877. Eston kó lọ sí Wisconsin, ó yí orúkọ padà sí Jefferson, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bí òyìnbó. Ní ọdún 2018 ni wọ́n ṣí yàrá kan ní Monticello láti sọ ìtàn ìyá wọn fún àwọn olùbẹ̀wò.

Àwọn ẹrú orí òkè náà ní ibojì tiwọn. Ní ọdún 2001, iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ibojì tí ó lé ní ogójì wà láàrin igi, lẹ́bàá ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn olùbẹ̀wò, ní ibi tí ọkọ̀ ti ń kọjá láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n fi ọgbà yí i ká, wọ́n sì ṣe ìsìn ìrántí níbẹ̀ ní ọdún náà. Kò sí orúkọ lára òkúta kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde láti inú ilé Jefferson lónìí, tí ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọgbà onírin tí Jefferson àti Carr sùn sí ni yóò gbà kọjá; bí ó bá sì sọ̀ dé ìsàlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ wà, ọgbà kejì nìyẹn láàrin igi.